Wọ́n Ní Ó Ti Kú: Èmi àti Ìyá Ìbejì Nínú Ẹgàn àti Lábẹ́ Òkun Queensland

Nígbà tí a sọ fún àwọn ènìyàn wa pé Great Barrier Reef, àpáta iyùn ńlá tó wà nínú òkun ìpínlẹ̀ Queensland ní Ọsirélíà, la fẹ́ lọ wò, ohun tí púpọ̀ nínú wọn fi dá wa lóhùn ni pé a ti pẹ́ jù. "Ṣebí ó ti kú?" Ọ̀rẹ́ mi kan ní Àkúrẹ́ wí bẹ́ẹ̀. Àbúrò Ìyá Ìbejì ní London wí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó tì wá nínú bàálù náà wí bẹ́ẹ̀, ó sì bá wa kẹ́dùn. N kò dá wọn lẹ́bi, ohun tí wọ́n kà ni wọ́n ń sọ. Ní 2016, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà kọ ìkéde ikú fún àpáta iyùn náà, ó kọ ọjọ́ orí rẹ̀, ó kọ ìtàn ayé rẹ̀, ìkéde náà sì yí ayé ká lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Èmi àti Ìyá Ìbejì ti rin etíkun Queensland nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ti rìn ín nígbà òjò, láti inú ẹgàn Daintree títí dé erékùṣù Heron tó wà lọ́nà gúúsù. Ohun tí mo bá bọ̀ ni pé àwọn nǹkan tí wọ́n ti kéde ikú wọn ní agbègbè yẹn pọ̀, wọn kò sì kú. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó kú ní tòótọ́, kò sì sẹ́ni tó ké gbàjarè títí ó fi lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí a gbọ́, ẹni tó gbéra lọ wò ló fi ìyàtọ̀ hàn.

Ọmọ wa ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Brisbane, òun ló mú wa mọ Ọsirélíà. Ìdànrè ni èmi ti wá. Agégẹdú ni bàbá mi, inú igbó ni mo gbọ́njú sí. Ọmọ Ìlàjẹ ni Ìyá Ìbejì, Ayétòrò ni wọ́n bí i sí, ó ti ń wa ọkọ̀ lórí omi kí ó tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ibi gbogbo tí a bá lọ, igi ni èmi ń wò, omi ni òun ń wò, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa dúró de ẹnì kejì. Ní àríwá Queensland, ìdúró náà dópin. Igbó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè títí ó fi dé etí òkun. Bí ẹ bá dúró ní etíkun Cape Tribulation, èyí tí àwọn Kuku Yalanji tó ni ilẹ̀ náà ń pè ní Kulki, ẹ̀ka igi ni yóò ṣíji bò yín, ẹsẹ̀ yín yóò wà nínú iyanrìn, iyùn yóò sì wà nínú omi tí ẹ ń wò. UNESCO kọ àpáta iyùn náà sínú ìwé ogún gbogbo ayé ní 1981, wọ́n kọ igbó náà sí i ní 1988. Ibẹ̀ yẹn ni ààlà àwọn méjèèjì ti pàdé.

Kò sí afárá lórí odò Daintree níbi tí à ń gbà wọ inú ẹgàn náà. Ọkọ̀ pẹrẹsẹ kan tí okùn irin ń fà ló ń gbé mọ́tò sọdá. A kò gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ omi, nítorí ọ̀nì omi iyọ̀ wà níbẹ̀, òun sì ni ẹran afàyàfà tó tóbi jù lọ láyé. Nígbà kan rí, àwọn ọdẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n run tán nítorí awọ wọn. Ìjọba Queensland fòfin dè é ní 1974, ọ̀nì sì padà sínú odò. Awakọ̀ ojú omi tó gbé wa kiri ní ìrọ̀lẹ́ mọ àwọn tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ ibi tí olúkúlùkù ń yá oòrùn.

Nígbà tí a wọ inú igbó, igi tí mo mọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wá. Igbó yìí wà lára èyí tó pẹ́ jù lọ nínú gbogbo igbó òjò ayé, ọjọ́ orí rẹ̀ ju 100 mílíọ̀nù ọdún lọ, ọ̀pọ̀ igi ibẹ̀ ni kò sí níbòmíràn. Síbẹ̀ mo rí ojúlùmọ̀. Àwọn agégẹdú òyìnbó wọ àfonífojì Daintree ní àwọn ọdún 1870, igi tí wọ́n ń pè ní red cedar ni wọ́n wá. Ẹbí kan náà ni òun àti ọ̀gànwó: pákó pupa tó ń ta sánsán, tó rọrùn láti gbẹ́, tí ìkán kì í fẹ́ jẹ. Wọ́n ń gé e, wọ́n ń tì í sínú odò kí ó léfòó lọ sí ẹnu òkun, títí ó fi ṣọ̀wọ́n. Ọ̀kan ṣẹ́ kù lẹ́bàá ọ̀nà tí a gbà. Mo fọwọ́ kan èèpo rẹ̀, mo sì dúró tì í pẹ́. Ọ̀gànwó tí bàbá mi gé láàárín Ìdànrè àti Orẹ̀ ló fi rán wa nílé ìwé, n kò sì ní bú u láéláé. Ṣùgbọ́n mo mọ iye tó ṣẹ́ kù nínú igbó wa lónìí, Ìyá Ìbejì náà mọ̀, kò sì pè mí pé kí n máa bọ̀.

Igi kejì tí wọ́n fi hàn wá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Idiospermum ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ọmọ Jámánì kan tó jẹ́ onímọ̀ ewéko, Ludwig Diels, rí i ní 1902 nínú igbó kan ní gúúsù ìlú Cairns, ó sì kó díẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, wọ́n gé igbó ibi tó ti rí i. Láti ìgbà náà, kò sí onímọ̀ tó rí igi náà mọ́, wọ́n sì gbà pé ó ti run. Nígbà tó di 1971, màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kú nínú oko kan ní Daintree. Wọ́n fura pé ẹnì kan ló fún wọn ní májèlé. Nígbà tí wọ́n la ikùn wọn, kóró ńlá kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì kó o lọ fún àwọn onímọ̀ ìjọba. Bí wọ́n ṣe tún rí Idiospermum nìyẹn. Igi tí ìran rẹ̀ ti wà láti ìgbà tí òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láyé, tí a sì ti ṣírò mọ́ òkú, ó wà lẹ́yìn ọgbà àgbẹ̀, ó ń so èso rẹ̀ lọ. Kóró kan tó ti jábọ́ wà nílẹ̀ níbi tí a dúró sí, ó tó kí ó kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Abala mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, méjì péré ni ti ẹ̀wà àti ti kòkó tí mo gbìn rí.

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ rí kásówárì. "Bàbá Ìbejì, ẹ má mira o," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì di apá mi mú. Ẹyẹ náà jáde láti inú ewé sí ojú ọ̀nà. Ó ga tó mi. Ìyẹ́ ara rẹ̀ dúdú, ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé irun ni mo kọ́kọ́ pè é; ọrùn rẹ̀ aláwọ̀ aró, awọ pupa sì rọ̀ níwájú rẹ̀; ohun líle kan dúró lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí adé. Kò lè fò. Èékánná inú nínú ìka mẹ́ta ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó ọ̀bẹ, ó sì lè fi pa ènìyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fún un lóúnjẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń tò bọ̀, wọ́n ní ilà pupa rúsúrúsú àti ilà funfun lára.

A ti ń pè é ní ìyá wọn kí ẹni tó ń mú wa kiri tó sọ fún wa pé bàbá wọn ni. Nínú ìran kásówárì, ìyá a yé ẹyin aláwọ̀ ewé, a sì kọjá lọ bá ọkọ mìíràn. Bàbá ló ń sàba lé wọn fún nǹkan bí 50 ọjọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń jẹ ní gbogbo àkókò náà. Òun náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní oúnjẹ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà. Ìyá Ìbejì rántí àwọn ọdún tí wọ́n gbé e lọ ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, tí èmi nìkan wà pẹ̀lú àwọn ọmọ nílé, ó sì sọ ọ́ fún ẹni náà pẹ̀lú ẹ̀rín. Inú mi dùn pé ó sọ ọ́.

Ohun tó wà nílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹyẹ náà lọ ló mú mi ronú jù. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni, òkìtì kan, kóró èso ńláńlá ló sì kún inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ṣì pé. Kásówárì kì í jẹ kóró. Odindi èso ló ń gbé mì, ara èso nìkan ni inú rẹ̀ ń lọ̀. Àwọn èso kan wà nínú ẹgàn yẹn tí wọ́n tóbi jù fún ẹyẹ mìíràn láti gbé mì. Igi kan tó ń jẹ́ Ryparosa wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi kóró rẹ̀ ṣe ìdánwò: nínú èyí tí kò gba inú kásówárì kọjá, nǹkan bí 4% ló hù; nínú èyí tó gbà á kọjá, 92% ló hù. Irú iṣẹ́ yìí náà ni erin ń ṣe fún òro àti àwọn èso ńlá mìíràn nínú igbó Ọmọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn erin díẹ̀ tó kù sì ń ṣe é títí di òní. Mọ́tò, ajá àti ilẹ̀ tí wọ́n ń ro ló ń dín kásówárì kù. Bí wọ́n bá tán, igbó náà yóò ṣì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá gba ojú títì kọjá yóò rí i pé ewé rẹ̀ tutù, yóò sì ní ó wà láàyè, bẹ́ẹ̀ àwọn igi eléso ńlá kò ní lè kúrò lójú kan mọ́, ọmọ wọn yóò máa hù lábẹ́ òjìji wọn, yóò sì máa kú síbẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi gba ẹ̀rí ojú fèrèsé mọ́tò gbọ́, yálà fún ikú tàbí fún ìyè.

Ní September 2021, ìjọba Queensland dá igbó ọba Daintree padà fún àwọn Eastern Kuku Yalanji pẹ̀lú àwọn igbó mẹ́ta mìíràn, gbogbo rẹ̀ ju 160,000 hẹ́kítà lọ, àwọn àti ìjọba sì jọ ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn mú wa rìn nínú igbó lẹ́bàá Mossman. Ó kọ́kọ́ dáná ewé tútù, ó ní kí a gba inú èéfín rẹ̀ kọjá kí ilẹ̀ lè mọ̀ wá. Ó fi igi kan hàn wá láti òkèèrè tí a kò gbọ́dọ̀ fara kàn, tí ewé rẹ̀ gbòòrò tó rí jọ̀lọ̀. Ẹbí èsìsì ni, ìrora rẹ̀ sì lè wà lára fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èmi tí èsìsì ti jó rí ní oko bàbá mi, mo jìnnà sí i.

Láti Daintree a wakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Bingil Bay, nítòsí Mission Beach, nítorí ìtàn kan tí mo ti kà. Ní 1967, àgbẹ̀ onírèké kan tọrọ àṣẹ láti máa wa òkúta ẹfun lórí Ellison Reef, ọ̀kan nínú àwọn àpáta iyùn tó wà níwájú etíkun yẹn. Ó fẹ́ fi ṣe ajílẹ̀. Àwíjàre rẹ̀ ni pé àpáta náà ti kú, kò sì sí ohun tí wíwà á yóò bàjẹ́. Ayàwòrán kan tó ń gbé ní Bingil Bay, John Büsst, kọ̀ jálẹ̀. Akéwì Judith Wright àti Len Webb, onímọ̀ nípa igbó, dúró tì í. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ òmùwẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn, fínnú fíndọ̀ lọ rì sísàlẹ̀ Ellison Reef, wọ́n kọ ohun gbogbo tí wọ́n rí sílẹ̀, wọ́n sì gbé e wá síwájú adájọ́ nílùú Innisfail: iyùn alààyè, ẹja, ìkarahun oríṣiríṣi. Wọn kò fún àgbẹ̀ náà láṣẹ. Büsst àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún dojú ìjà kọ àwọn tó fẹ́ wa epo rọ̀bì lábẹ́ àpáta iyùn yẹn. Büsst kú ní 1971; òfin tó sọ Great Barrier Reef di ibi ààbò jáde ní 1975. Bí àwọn ọ̀dọ́ yẹn kò bá bọ́ sínú omi, ọ̀rọ̀ "ó ti kú" ni ìbá dúró ní kóòtù, ẹ̀rọ ìwalẹ̀ ì bá sì sọ ọ́ di òtítọ́.

Ojú Ìyá Ìbejì ti wà lára òkun láti ìgbà tí a ti wà nínú igbó. Port Douglas ni a ti wọkọ̀ lọ sí Low Isles. Erékùṣù kékeré méjì ni, ilé iná àwọn awakọ̀ òkun ti wà lórí ọ̀kan láti 1878. Tọkọtaya kan ni mo ń rò bí a ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀: Maurice Yonge àti aya rẹ̀ Mattie, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1928 wọ́n kó ikọ̀ kan wá síbẹ̀, ọkọ ni olórí, aya ni dókítà, wọ́n sì fi nǹkan bí ọdún kan gbé lórí iyanrìn yẹn láti wo bí iyùn ṣe ń jẹun, bí ó ṣe ń dàgbà. Tọkọtaya mìíràn náà wà nínú ikọ̀ ọ̀hún.

Ẹran ni iyùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà kò mọ̀ ọ́n dáadáa kí n tó dé ibẹ̀. Ẹran kékeré tó lẹ́nu kan ni, ọwọ́ wẹ́wẹ́ yí ẹnu náà ká, ó ń yọ ẹfun láti inú omi òkun, ó sì ń fi kọ́ ilé olókùúta sábẹ́ ara rẹ̀. Nínú ẹran ara rẹ̀ ni àwọn ohun ọ̀gbìn kan ń gbé tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn yẹn ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ, wọ́n sì ń fún iyùn ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀; wọ́n lè fún un tó 90% ohun tó nílò. Àwọ̀ tí à ń rí lára iyùn, tiwọn ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Àpáta tí irú àwọn ẹran báyìí kọ́ ní Queensland gùn tó 2,300 kìlómítà.

Iyùn tí Ìyá Ìbejì wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ti ìyá ìyá rẹ̀ ni. Ibi tó jìnnà ni irú iyùn pupa bẹ́ẹ̀ ti wá, Òkun Mẹditaréníà. Àwọn Potogí wà lára àwọn tó ń gbé e wá tà ní etíkun wa láti nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Inú òkùnkùn ìsàlẹ̀ omi ni ìyẹn máa ń gbé, kò ní ohun ọ̀gbìn nínú ara, kì í sì í kọ́ irú àpáta báyìí. Síbẹ̀ ẹbí ni wọ́n. Àwọn ọba wa dé e ládé, àwọn ìyàwó wa fi í sọ́rùn, ẹran tó kọ́ ọ sì ti ń kú lọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kí a tó mọ̀ pé ẹran ni.

Òun ló kọ́kọ́ bọ́ sómi. Èmi tẹ̀ lé e pẹ̀lú gíláàsì ojú àti ọ̀pá ìmí. Nígbà tí mo dojú bolẹ̀, ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kì í ṣe àwòrán: ohun kan ń rún nǹkan líle wómúwómú lábẹ́ mi. Ẹja kan tí ẹnu rẹ̀ rí bí ti ayékòótọ́ ló ń gé àpáta jẹ. Ó ń wá èéhù tó hù sára àpáta náà, ó ń lọ òkúta náà mọ́ ọn, ó sì ń yàgbẹ́ rẹ̀ ní iyanrìn. Púpọ̀ nínú iyanrìn funfun tí a tẹ̀ ní erékùṣù náà, inú irú ẹja yẹn ló ti jáde. Ìyá Ìbejì tọ́ka sí ìkarahun ńlá kan tó la ẹnu sílẹ̀, tí ètè rẹ̀ ní àwọ̀ aró àti àwọ̀ ewé. Ó ju agbada ìdin-gaàrí lọ. Bí òjìji ọwọ́ rẹ̀ ṣe kọjá lórí rẹ̀, ìkarahun náà pa ẹnu dé. Ó yí sí mi, mo sì rí i nínú gíláàsì pé ẹ̀rín ti kún ojú rẹ̀.

A rí funfun náà. Nígbà tí a lọ sí àpáta tó jìnnà sí ilẹ̀, àwọn ẹ̀ka kan wà tó funfun nini láàárín àwọn tó láwọ̀, mo sì rò pé òkú nìyẹn. Obìnrin tó ń ṣamọ̀nà wa, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkun, ṣàlàyé fún wa lórí ọkọ̀. Bí omi bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kódà bó jẹ́ digírì kan péré, àwọn ohun ọ̀gbìn inú ara iyùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú májèlé jáde, iyùn yóò sì tú wọn síta. Yonge àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí irú ìtúsíta bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Low Isles. Ara iyùn fúnra rẹ̀ mọ́ gaara, nítorí náà egungun rẹ̀ ni à ń rí ní funfun. Kò tíì kú. Ebi ń pa á. Bí omi bá tètè tutù, ohun ọ̀gbìn yóò padà wọlé. Bí kò bá tutù, yóò kú, èéhù yóò sì bò ó.

Àwọn ọdún tí irú ooru bẹ́ẹ̀ ti dé káàkiri àpáta náà ni 1998, 2002, 2016, 2017, 2020, 2022, 2024 àti 2025. Ẹ wo bí àyè àárín wọn ṣe ń kúrú. Ní 2016 nìkan, nǹkan bí 30% iyùn inú omi tí kò jìn ló kú, àríwá ló sì jìyà jù. Síbẹ̀, ní 2022, AIMS, àjọ ìjọba Ọsirélíà fún ìmọ̀ nípa òkun, tó ti ń wọn àpáta náà láti nǹkan bí 1985, rí i pé iyùn tó bo àríwá àti àárín rẹ̀ pọ̀ ju ti ọdún kankan nínú àkọsílẹ̀ wọn lọ. Àwọn tó ń kéde ikú dákẹ́ díẹ̀, àwọn tó sọ pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀ sì gbẹ́nu sókè. Ṣùgbọ́n irú iyùn tó ń yára hù ló kún ibẹ̀, òun náà ló sì ń yára kú. Nígbà tí ìròyìn 2025 jáde, ní gúúsù, ìwọ̀n iyùn tó bo àpáta náà ti já láti 38.9% sí 26.9% láàárín ọdún kan. Nígbà tí mo sọ pé kò kú, ohun tí mo ń sọ kọ́ ni pé ara rẹ̀ le. Aláìsàn tó ti dìde lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta ni, àyè tí à ń fún un láti sinmi kò sì tó mọ́. Èédú, epo àti gáàsì tí ayé ń jó ló ń gbóná omi yẹn. Ẹni tó bá ti sọ pé ó kú kò ní bèèrè bí a ṣe lè dín in kù. Ohun tó bí mi nínú sí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Heron wà ní gúúsù, nǹkan bí 80 kìlómítà sí ìlú Gladstone. Àárín oṣù Kejìlá la débẹ̀ nítorí ìjàpá òkun. Ariwo ẹyẹ kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Irú kan wà tó ń gbẹ́ ihò sílẹ̀, igbe rẹ̀ lóru sì dà bí ti ìkókó, mo dìde wo ìta. Igi Pisonia ló bo erékùṣù náà. Àwọn ẹyẹ dúdú kéékèèké tó ń jẹ́ noddy ń fi ewé rẹ̀ tẹ́ ìtẹ́ sórí rẹ̀. Kóró igi náà ní oje tó ń lẹ̀ mọ́ ìyẹ́, ẹyẹ a sì gbé e lọ sí erékùṣù mìíràn. Nígbà mìíràn ó máa ń pọ̀ lára ẹyẹ débi pé kò ní lè fò mọ́, a sì kú sídìí igi. A rí irú rẹ̀. Ìyá Ìbejì fẹ́ yọ kóró náà kúrò lára ọ̀kan tó ṣì ń mí, àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi í sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìjàpá jáde lóru, kò sí tọ́ọ̀ṣì, a jìnnà sí i. Ó wúwo, ó ń wọ́ ara rẹ̀, ó ń dúró mí, títí ó fi dé òkè iyanrìn tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò. Ní àwọn ọdún 1920, ilé iṣẹ́ tó ń fi irú wọn se ọbẹ̀ inú agolo wà lórí erékùṣù yìí gan-an. Wàhálà mìíràn ló wà nílẹ̀ báyìí. Ìgbóná iyanrìn ló ń pinnu bóyá ọmọ yóò jẹ́ akọ tàbí abo. Ní 2018, àwọn onímọ̀ gbé e jáde pé nínú àwọn ọmọ ìjàpá tó wá láti àwọn etíkun àríwá, ó lé ní 99% tó jẹ́ abo. Ìjàpá wọ̀nyẹn pọ̀ lójú, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́. Ọkọ ni wọn kò ní í rí tó bá yá.

Ohun tó kú ní tòótọ́ kò tóbi. Eku kan ni, aláwọ̀ ilẹ̀, melomys ti Bramble Cay. Erékùṣù iyanrìn tó kéré gan-an ni Bramble Cay, ní òpin àríwá Torres Strait, omi tó wà láàárín Queensland àti Papua New Guinea, kò jìnnà sí Papua New Guinea, kò sì sí ibòmíràn láyé tí eku náà ń gbé. Omi òkun ń ga, ìjì ń ti ìgbì gorí ilẹ̀, koríko tó ń jẹ sì ń kú: láti ohun tó ju hẹ́kítà 2 lọ ní 2004, ó kù tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá hẹ́kítà kan ní 2014. Ètò bí wọn yóò ṣe gbà á là ti wà nínú ìwé láti 2008. Ní 2009 ni wọ́n rí i kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n fi lọ wá a dáadáa ní 2014 láti kó díẹ̀ lọ síbi ààbò, kò sí ọ̀kan níbẹ̀. Òun ni ẹran ọlọ́mú àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ìyípadà ojú ọjọ́ pa run.

Ìyá Ìbejì ní kí n tún ìtàn náà sọ. Ilé tí wọ́n bí i sí ní Ayétòrò ti wà nínú òkun báyìí. Ní 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú yẹn dó, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ, òkun sì ti ń gbé ojú ilé lójú ilé lọ láti ohun tó ju 20 ọdún lọ. Àwọn tó ń ka ìròyìn ní Èkó ti ń sọ pé Ayétòrò ti lọ. Ìyá àgbà rẹ̀ kan ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣí sẹ́yìn, wọ́n sì tún ń yan ẹja tà.

Nítorí náà, Torres Strait ló fẹ́ kí a lọ báyìí. Àwọn ará erékùṣù Boigu, Masig, Poruma àti Warraber gbé ìjọba Ọsirélíà lọ síwájú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, pé kò dáàbò bo ilẹ̀ wọn àti ibojì àwọn bàbá wọn lọ́wọ́ òkun, ìgbìmọ̀ náà sì dá wọn láre ní September 2022. Masig ni ó kọ́kọ́ fẹ́ dé. Ó ti ra ìwé kékeré kan tó ń kọ ìbéèrè rẹ̀ sí: irú ẹ̀rí wo ni wọ́n kó jọ, ta ló bá wọn ya àwòrán etíkun lọ́dọọdún, báwo ni wọ́n ṣe ka ibojì tí omi ti gbé lọ. Mo ní kí a dúró kí òjò dá kí á tó lọ. Ó ní ìgbà òjò ni omi ń ga jù níbẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ló sì fẹ́ fi ojú rẹ̀ rí i. A kò tíì fẹnu kò.